Àkàrà àbí Koose: Ta Ló Ni Ẹ̀wà?

Ní Ashaiman, oúnjẹ àárọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kóòkó, ìyẹn ògì jéró tó ní atalẹ̀ àti ata nínú, pẹ̀lú koose gbígbóná. Ọmọ Yorùbá tó bá bu koose sẹ́nu yóò ní àkàrà ni. Níbẹ̀ ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀: ta ló kọ́kọ́ dín in, ta ló jí i?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀wà fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ Áfíríkà ló ti ṣẹ̀. Kò bá Potogí wọ ọkọ̀ wá bí àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Lára ẹ̀wà tó pẹ́ jù lọ tí àwọn awalẹ̀pìtàn tíì hú jáde, àárín gbùngbùn Gánà ni wọ́n ti rí i, níbi tí àwọn tí a ń pè ní ará Kintampo gbé ní nǹkan bí 3,500 ọdún sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ ti irúgbìn, Gánà ní ẹnu ọ̀rọ̀.

Ti orúkọ ńkọ́? Láti ara "kosai" àwọn Haúsá ni koose ti wá. "Àkàrà" ni tiwa, òun sì ni àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gbé sọdá òkun dé Bàhíà ní Bùràsíl. Acarajé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, wọ́n sì ń fi í bọ Ọya. Ní 2005, ìjọba Bùràsíl kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin alákàrà Bàhíà sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè wọn. Wọn kò sẹ́ ibi tó ti wá, síbẹ̀ tiwọn ni.

Ashaiman fúnra rẹ̀ kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ yìí. Ilẹ̀ àwọn Gã ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ èbúté Tema, tí wọ́n ṣí ní 1962, ló sọ ọ́ di ìlú ńlá. Ará àríwá dé, Ewe dé, Haúsá dé, Yorùbá náà dé. Nígbà tó di ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà àti Ìlọrin, tí wọ́n ti bímọ síbẹ̀, di ẹrù wọn. Ní 1983, Nàìjíríà náà lé ará Gánà. Orúkọ "Ghana Must Go" ṣì wà lára báàgì wọn títí dòní. Nínú gbogbo lílé yìí, kò sẹ́ni tó béèrè ìwé lọ́wọ́ àkàrà.

Bí a ṣe ń dín in nìyí. Ẹ rẹ ẹ̀wà ife 2 sómi fún ìṣẹ́jú 30, ẹ fọwọ́ ra á kí èèpo bó, ẹ ṣàn án dànù. Ẹ tún rẹ ẹ́ fún wákàtí 2. Ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú àlùbọ́sà 1 àti ata rodo 2. Ẹ má jẹ́ kí omi pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ti Gánà lè fi atalẹ̀ díẹ̀ sí i. Ẹ lù ú dáadáa títí yóò fi wú. Lílù yìí ló ń mú àkàrà fúyẹ́. Ìgbà tí òróró bá gbóná ni kí ẹ tó fi iyọ̀ sí i, torí iyọ̀ a máa mú un ṣomi. Ẹ fi ṣíbí bù ú sínú òróró, kí ẹ sì máa yí i títí yóò fi pọ́n.

Yorùbá ń dín àkàrà bí àgbà bá kú, a ò sì níí fi ìyẹn tọrẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní òun nìkan ló ni àkàrà, kó kọ́kọ́ sọ ẹni tó gbin ẹ̀wà fún un.