Àmì dúdú inú ìwé Franklin

Lóṣù kìíní, mo kọ ọ́ sínú fóònù mi pé "lọ́dún yìí, màá ṣe dáadáa." Ó ti di oṣù kẹfà báyìí. Dáadáa wo gan-an? Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti ṣe é?

Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ Benjamin Franklin, ọkùnrin tí àwòrán rẹ̀ wà lára owó 100 dọ́là. 1706 ni wọ́n bí i ní Boston. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ló ń ṣe ní Philadelphia. Nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, ó ní òun fẹ́ di ẹni tí kò lábùkù kankan. (Ẹ má rẹ́rìn-ín o.)

Kò fi mọ sẹ́nu. Ó kọ ìwà 12 sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ìgbéraga rẹ̀ ti pọ̀ jù, ló bá fi ìrẹ̀lẹ̀ kún un, ó di 13. Ó fa ilà sínú ìwé kékeré, ọjọ́ méje lókè, ìwà 13 lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibi tó bá ti kùnà lójúmọ́, á fi àmì dúdú síbẹ̀. Bíi káàdì àjọ ni, àmọ́ ti àjọ, àmì ni owó ẹ. Ti Franklin, àmì ni gbèsè.

Ọ̀sẹ̀ kan, ìwà kan ló ń gbájú mọ́; tó bá pé ọ̀sẹ̀ 13, á tún bẹ̀rẹ̀. Ó ń ha àmì àtijọ́ kúrò títí ojú ewé fi lu. Ló bá gbé e sórí eyín erin pẹlẹbẹ, kó lè máa fi kànrìnkàn tó lómi nù ún.

Kéèyàn máa to nǹkan síbi tó yẹ ló yọ ọ́ lẹ́nu jù. Ó wá sọ ìtàn ọkùnrin kan tó fẹ́ kí alágbẹ̀dẹ bá òun pọ́n gbogbo ara àáké òun kó dán. Alágbẹ̀dẹ ní kò burú, ṣáà máa bá mi yí òkúta. Nígbà tó rẹ ọkùnrin yìí, ó ní àáké tó ní àmì tótòtó náà wu òun!

Ibi tó dùn mí rèé. Òdodo wà nínú ìwà 13 yẹn, pé kéèyàn má ṣe ẹnikẹ́ni níbi. Franklin yìí kan náà ní ẹrú nílé. Ìwé ìròyìn rẹ̀, Pennsylvania Gazette, ń gbé ìkéde ẹrú títà. Gbogbo ilà tó fà yẹn, kò sí ọ̀kan fún wọn. 1787 ló tó di ààrẹ ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti ẹrú níní ní Pennsylvania. Ní 1790, oṣù díẹ̀ kó tó kú, ó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹni ọdún 84 ni nígbà yẹn.

Mo ti pa "màá ṣe dáadáa" rẹ́. Ojú ewé 10 lálaalẹ́, kí n pe màmá mi ní gbogbo Sọ́ńdè. Ilà kẹta ṣì ṣófo. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo ní kó bá mi kọ ìyẹn, torí kò ní bò ó mọ́ mi lójú.