Púlì Kékeré Tó Ń Gbé Ọkọ̀ Ńlá

Ẹni tó bá kọ́kọ́ gun ọkọ̀ ìgbòkun, okùn ni yóò kọ́kọ́ dà á lórí rú. Okùn lókè, okùn nísàlẹ̀. Òmíràn so mọ́ òpó, òmíràn so rọ̀ bí ìtàkùn inú igbó. Bó bá béèrè ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà fún, orúkọ tí wọ́n máa kà fún un á pọ̀ débi pé ti ìṣáájú á ti fò lórí rẹ̀ kí wọ́n tó dé ti ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní okùn kì í gùn títí kó má níbi tí a ti fà á wá. Ẹ jẹ́ ká tọ okùn náà lọ síbi tó ti wá.

Oríṣi okùn méjì péré ló wà níbẹ̀. Ìkíní kì í kúrò lójú kan. Òun ló di òpó ọkọ̀ mú níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí afẹ́fẹ́ má baà wó o. Ìkejì ni èyí tí à ń fà tí à ń dẹ̀. Òun là ń fi ta ìgbòkun sókè, òun náà là ń fi darí rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá ṣe fẹ́. Okùn kejì yìí ló ń fẹ́ púlì.

Kí ni púlì ọkọ̀? Ègé igi ni, tí wọ́n gbẹ́ ihò sí nínú, tí kẹ̀kẹ́ roboto kékeré kan ń yí nínú ihò náà. Bó bá jẹ́ púlì kan ṣoṣo ló wà lókè òpó, ọ̀nà okùn ló kàn ń yí padà: ẹ fà á wálẹ̀, ìgbòkun ń gòkè. Ṣùgbọ́n bí púlì bá ju ẹyọ kan lọ, tí okùn lọ tó bọ̀ títí tó fi di ìlà mẹ́rin tó gbé ẹrù náà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin agbára náà lẹ máa lò. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ o! Okùn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lẹ máa fà kí ẹrù tó gòkè ẹsẹ̀ bàtà kan. Ohun tí apá rí gbà lápá kan, ó ti san án padà lápá kejì.

Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ọkọ̀ ogun Victory, tí Ọ̀gágun Nelson kú sí nínú ogun Trafalgar lọ́dún 1805, wà ní Portsmouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí dòní. Okùn rẹ̀ tó nǹkan bí máìlì 26. Púlì tó wà fún ìgbòkun rẹ̀ nìkan jẹ́ 768, ká má tíì ka èyí tí wọ́n fi ń fa àwọn ìbọn ńlá. Ọkọ̀ kan ṣoṣo nìyẹn o. Púlì tí gbogbo ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń lò lọ́dún kan lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún. Bí kẹ̀kẹ́ inú púlì kan bá há nígbà ìjì, ìgbòkun kò ní ṣeé sọ̀ kalẹ̀, òpó á sì dá. Ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ni.

Ta ló wá ń ṣe gbogbo púlì yìí? Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ni, àwọn tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ṣẹ́. Ìdílé Taylor ní Southampton ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ fún ìjọba. Àfi bí ọkùnrin ará Faransé kan ṣe dé, Marc Isambard Brunel. Wọ́n bí i lọ́dún 1769. Ó ti fi ọdún mẹ́fà ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Faransé, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń júwe okùn fún. Rògbòdìyàn ìlú rẹ̀ ló lé e dé Amẹ́ríkà lọ́dún 1793, ó sì kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1799. Lọ́dún 1801 ó gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tó máa ṣe púlì. Ó kọ́kọ́ lọ bá àwọn Taylor, àwọn ní èyí tí àwọn ń lò ti tó àwọn. Ló bá gbé e lọ sọ́dọ̀ ìjọba. Samuel Bentham, ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ ọgbà ìkànkọ̀, rí i pé ọ̀rọ̀ náà lórí. Henry Maudslay, ọ̀gá nínú iṣẹ́ irin, ló rọ àwọn ẹ̀rọ náà.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí. Ẹ̀rọ kan á fi ayùn gé ìtì igi elm sí wẹ́wẹ́. Òmíràn á lu ihò sí i. Òmíràn á gbẹ́ ihò náà gùn títí tí kẹ̀kẹ́ á fi lè wọ̀ ọ́. Òmíràn á gé igun rẹ̀ kúrò, èyí tó tẹ̀ lé e á sì fá púlì mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Kẹ̀kẹ́ inú rẹ̀ ńkọ́? Igi lignum vitae tó ń wá láti àwọn erékùṣù Karibíánì ni. Igi náà le, ó wúwo débi pé ó ń rì sómi, ó sì ní epo nínú ara rẹ̀ tí kì í jẹ́ kó tètè há. Ooru omi gbígbóná ló ń mú àwọn ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́. Púlì tó bá jáde lónìí kò yàtọ̀ sí ti àná. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, òmíràn tó jẹ́ ìwọ̀n rẹ̀ gẹ́lẹ́ ti wà nílẹ̀.

Lọ́dún 1808, púlì 130,000 ló jáde níbẹ̀. Ènìyàn mẹ́wàá tí kò kọ́ṣẹ́ púlì rárá ló ń ṣe iṣẹ́ tí oníṣẹ́ ọwọ́ 110 ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ìjọba jèrè. Àwọn 110 ńkọ́? Ìtàn kò fi bẹ́ẹ̀ béèrè wọn. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ sínú ọwọ́ wọn ti bọ́ sínú irin. Ẹni tó ń fi ọwọ́ hun òfì tàbí tó ń gbẹ́ igi lónìí mọ ohun tí mo ń wí.

Kò tán síbẹ̀. Brunel tó mú èrè yìí wá pàápàá, ó pẹ́ kí ìjọba tó san owó tó lé díẹ̀ ní £17,000 fún un. Iná jó ilé ìlagi rẹ̀ lọ́dún 1814. Nígbà tí ogun parí lọ́dún 1815, bàtà tó ń ṣe fún àwọn sójà kún ilé, kò sẹ́ni tó rà á. Lọ́dún 1821 wọ́n tì í mọ́lé nítorí gbèsè. Ìgbà tó di pé ó fẹ́ lọ sin ọba Rọ́ṣíà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó fi £5,000 yọ ọ́.

Ọdún 1821 kan náà ni wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn, ẹni tó padà di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ Potogí, Esperança Felix, ní Èkó. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, Myrmidon, wà lára àwọn tó lé ọkọ̀ náà bá. Ọkọ̀ ìgbòkun ń lé ọkọ̀ ìgbòkun, okùn àti púlì ló wà nídìí méjèèjì. Púlì kò mọ ẹni tó ń kó ẹrú, kò mọ ẹni tó ń gbà wọ́n sílẹ̀. Ọwọ́ tó fa okùn ló mọ̀.

Àwọn ẹ̀rọ Portsmouth kò dákẹ́ tán títí di àwọn ọdún 1960. Díẹ̀ nínú wọn wà ní Science Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Púlì ọkọ̀ ìgbòkun òde òní, rọ́bà líle àti irin tí kì í dípẹtà ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò yí padà. Nítorí náà, ẹni tó bá ń kọ́ ọkọ̀ ìgbòkun, kó má tíì há orúkọ sórí. Kó di okùn kan mú, kó tọ̀ ọ́ láti ọwọ́ rẹ̀ dé púlì àkọ́kọ́, láti ibẹ̀ dé ìkejì, títí yóò fi rí ohun tó ń gbé. Bó bá rí ìyẹn, ó ti mọ okùn náà. Orúkọ á bá a níbẹ̀.