Yàrà Yoshiwara

Bí àlejò bá dé Tokyo, olú ìlú Jàpáànì, kì í pẹ́ tí wọn yóò fi mú un lọ sí Asakusa, àdúgbò àtijọ́ tí ń bẹ létí odò Sumida, láti wo tẹ́ḿpìlì ńlá àti àwọn ìsọ̀ tí ó tò síwájú rẹ̀. Díẹ̀ ni ó ń kọjá ibẹ̀ sí ìhà àríwá. Ọ̀nà náà ni àwa fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa bá wa tọ̀.

Ní ọjọ́ wọnnì tí a ń pe ìlú náà ní Edo, ní 1617, ìjọba fún àwọn onílé aṣẹ́wó láṣẹ láti kó jọ sí ojú kan, kí ó lè rọrùn láti máa ṣọ́ wọn. Yoshiwara ni orúkọ ibẹ̀. Lẹ́yìn iná ńlá tí ó jó Edo ní 1657, wọ́n ṣí i lọ sí ẹ̀yìn Asakusa, wọ́n wa yàrà yí i ká, wọ́n sì ṣe ẹnu-bodè kan ṣoṣo sí i. Ní ìrọ̀lẹ́ àwọn ọkùnrin a wọ ọkọ̀ kéékèèké gba ojú odò wá. Àtùpà a tàn, ìró shamisen olókùn mẹ́ta a sì gba afẹ́fẹ́. Utamaro ya àwòrán àwọn obìnrin ibẹ̀, àwòrán náà sì lókìkí títí dé Yúróòpù. A kò sẹ́ ẹwà náà. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n wa yàrà fún?

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin náà ni òbí wọn tí òṣì ta ti fi dí owó láti kékeré. Àwa ìbá pè wọ́n ní ìwọ̀fà; ṣùgbọ́n àgbà ìwọ̀fà tiwa a máa lọ sùn ní ilé ara rẹ̀, obìnrin Yoshiwara kò sì lè kọjá oníbodè láìní ìwé àṣẹ. Aṣọ tí ó wọ̀ pàápàá, gbèsè rẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ mọ́.

Ní 1872 ọkọ̀ Maria Luz ti ilẹ̀ Peru gúnlẹ̀ sí Yokohama, ó kó àwọn alágbàṣe ará Ṣáínà tí ìyà ń jẹ. Nígbà tí ilé ẹjọ́ Jàpáànì ń gbọ́ ọ̀ràn wọn, agbẹjọ́rò ọ̀gá ọkọ̀ dáhùn pé Jàpáànì fúnra rẹ̀ ń ta ọmọbìnrin. Ilé ẹjọ́ dá àwọn ará Ṣáínà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún ìjọba lára. Kí ọdún náà tó parí wọ́n pàṣẹ pé kí a tú àwọn obìnrin náà sílẹ̀, kí a má sì bi wọ́n ní gbèsè. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀: wọ́n ní ẹni tí ó ti pàdánù ẹ̀tọ́ ènìyàn dàbí ẹṣin àti màlúù, a kì í sì í sin ẹṣin ní gbèsè. Èébú ni òmìnira náà gùn wá! Ní ọdún kejì àwọn onílé padà dé, wọ́n ní yàrá lásán ni àwọn fi ń háyà; gbèsè sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Nígbà ìsẹ̀lẹ̀ 1923, ọgọ́rọ̀ọ̀rún obìnrin Yoshiwara tí ó sá fún iná ni ó kú sínú adágún Benten. Ní 1956 ni òfin tí ó fòpin sí àṣẹ ibẹ̀ jáde, ó sì múlẹ̀ pátápátá ní 1958, bí òwò òru kò tilẹ̀ tán ní àdúgbò náà.

Wọ́n ti dí yàrà. Igi wílò kan, tí wọ́n ti tún gbìn, dúró níbi tí àwọn ọkùnrin ti máa ń bojú wẹ̀yìn bí wọ́n ti ń lọ sílé lówùúrọ̀. Bí a bá rìn síwájú díẹ̀ a ó dé Jokan-ji ní Minowa, níbi tí wọ́n ń gbé òkú àwọn tí kò lẹ́bí jù sí, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń pè é ní tẹ́ḿpìlì ìjùsí. Wọ́n ní wọ́n tó 25,000. Òkúta ìrántí kan ni ó wà fún gbogbo wọn, àwọn ènìyàn sì ń gbé òdòdó wá síbẹ̀.