Ìsọ̀ Àwo Rẹ́kọ́ọ̀dù

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé àti ẹ̀yin àgbà, bí ẹ bá ti Ire-Akari ní Ìsọlọ̀ wọ ọkọ̀ dé Òṣòdì, tí ẹ sì tún wọ òmíràn lọ sí Ìkòyí, ẹ lè béèrè ìsọ̀ tí à ń pè ní Jazzhole ní òpópó Awólọ́wọ̀. Ọdún 1991 ni Kúnlé Tẹ́júoṣó dá a sílẹ̀. Nígbà náà, ẹni tí ó bá ń ta àwo rẹ́kọ́ọ̀dù dàbí ẹni tí ń ta àtùpà níbi tí iná mànàmáná ti dé, nítorí kásẹ́ẹ̀tì ti gba ọjà. Kí ni ó wá rí níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀.

Ní ọdún 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kọ orin 43 sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Àwo ayé ìgbà náà kì í ṣe ike. Oje tí kòkòrò kan ń sun sára igi ní ilẹ̀ Íńdíà wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe é; bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ yín, ó di àpáàdì. Ìgbà 78 ni ó ń yí ní ìṣẹ́jú kan, ojú rẹ̀ kan kì í sì í sábà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta àbọ̀ lọ. Ẹ wo ìyà tí èyí fi jẹ àwọn akọrin wa! Ẹni tí ó lè fi gbogbo òru ki ìdílé kan, wọ́n ní kí ó parí rẹ̀ kí omi tó hó lórí iná. Ọdún 1948 ni àwo gígùn tó jáde ní Amẹ́ríkà, tí ojú rẹ̀ kan gba ohun tí ó ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Ní 1948 yìí kan náà ni Haruna Ishọla ṣe àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ fún His Master's Voice. Kò tà. Nígbà tí ó di 1969, òun àti I. K. Dairo dá ilé-iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, STAR Records. Ó dára bẹ́ẹ̀, lójú tèmi: ẹni tí ó gbin iṣu ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

Ṣùgbọ́n akọrin kì í tajà fúnra rẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù ni ó gbé gbohùngbohùn sí ẹnu ọ̀nà, tí ó ń fi àwo tuntun pe èrò. Ẹ óò gbọ́ ọ kí ẹ tó sanwó. Ní ẹ̀yìn páálí àwo, ẹ lè rí orúkọ akọrin àti ọdún, nígbà mìíràn àní orúkọ onílù pàápàá. Ìdí nìyí tí àwọn kan lára àwọn tí ń kó àwo jọ kò fi ka orin orí fóònù kún nǹkan kan. Lójú wọn, orin lásán ni ó wà níbẹ̀, kò sí ìtàn.

Àwọn ìsọ̀ kéékèèké wọ̀nyí ni wọ́n sì yọ ohùn púpọ̀ nínú ìgbàgbé. Ìsọ̀ Honest Jon's ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1974, tún gbé orin àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jáde ní 2008, èyí tí wọ́n kọ sínú àwo ní Bìrìtéènì láàárín 1927 sí 1929. Domingo Justus wà lára wọn, ẹni tí ó fi Yorùbá kọrin. Jazzhole náà kò dúró sí títà nìkan: ó gba ohùn Fatai Rolling Dollar sílẹ̀ nígbà tí bàbá náà ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbàgbé rẹ̀. Ní 2013 ni ó dágbére fáyé.

Ẹ wo inú àpótí bàbá yín àgbà. Bí àwo bá wà níbẹ̀, ẹ má tò wọ́n lé ara wọn lórí. Ẹ gbé wọn dúró bí ìwé, níbi tí oòrùn kò ti lè kàn wọ́n, nítorí oòrùn a máa ká wọn bí ewé gbígbẹ.