Kóòtù Òyìnbó àti Àyípadà Àṣà Ìgbò nínú Ìtàn Àròsọ

Ẹni tí Okonkwo bẹ́ lórí nígbà tí Things Fall Apart ń lọ sópin kì í ṣe òyìnbó. Olórí àwọn kotma ni, akódà kóòtù tí ó dúdú bíi tirẹ̀, tí ajẹ́lẹ̀ rán wá láti tú ìpàdé ìlú ká. Ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ máa ń ka ìwé tí Chinua Achebe gbé jáde ní 1958 yìí bí ẹni pé ìjà ṣọ́ọ̀ṣì àti òrìṣà ni gbogbo rẹ̀. Èrò tiwa yàtọ̀. Bí a bá kó àwọn ìtàn àròsọ tó dá lórí bí ìjọba òyìnbó ṣe yí ayé àwọn Ìgbò padà jọ, kóòtù ni a ó máa bá nídìí ọ̀rọ̀: akódà rẹ̀, ògbufọ̀ rẹ̀, àti àwọn tí ó sọ di olóyè ní ọ̀sán kan òru kan. Ìbẹ̀rù kóòtù ló sì ń ti ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí ilé ìwé.

Ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ dé lóòótọ́. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, àti John Christopher Taylor, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Ìgbò, ló dá iṣẹ́ ìjọ CMS (Church Missionary Society) sílẹ̀ ní Onitsha ní 1857. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogun tí òyìnbó gbé ja àwọn Aro ní 1901 sí 1902 ni kóòtù ìbílẹ̀ wá tàn dé abúlé. Nílẹ̀ Yorùbá, òyìnbó bá ọba lórí ìtẹ́, ọba náà ni ó sì gbà mú. Ọ̀pọ̀ ìlú Ìgbò kò ní ọba; àwọn àgbà, ẹgbẹ́ olóyè, egúngún àti ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin ilé ló jọ ń tún ìlú ṣe. Òyìnbó kọ ìwé àṣẹ fún ẹni tó bá wù ú, ó fi í jókòó ní kóòtù, ó ní kí gbogbo ìlú máa wárí fún un. A. E. Afigbo ti tú iṣu ọ̀rọ̀ yìí dé ìsàlẹ̀ ìkòkò nínú ìwé ìtàn rẹ̀, The Warrant Chiefs, ní 1972.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìtanràn nínú ìwé Achebe. Lẹ́yìn tí àwọn ará Umuofia, ìlú Okonkwo, wó ṣọ́ọ̀ṣì, ajẹ́lẹ̀ fi ẹ̀tàn pe àwọn aṣáájú ìlú mẹ́fà, ó fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí wọn lọ́wọ́, ó ní kí ìlú san àpò owó ẹyọ 200. Kotma dé ìlú, wọ́n ní 250 ni. Àpò 50 tó lé, tiwọn ni. Ajẹ́lẹ̀ kò mọ̀, ìlú náà kò mọ̀. Achebe kò pariwo lé e lórí, ó kàn sọ ọ́ kọjá. Ṣáájú èyí, Obierika, ọ̀rẹ́ Okonkwo, ti ròyìn ẹjọ́ ilẹ̀ kan fún un: ẹbí tó fún kotma àti ògbufọ̀ lówó ló gba ilẹ̀. Òyìnbó kò gbọ́ èdè ìlú. Ẹni tó gbọ́ ọ ló ń ta ìdájọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì ní tirẹ̀ ń ṣa àwọn tí àṣà ti tì síta: ìyá ìbejì, osu tí a fi jìn fún òrìṣà, Nwoye, ọmọ Okonkwo, tí ikú Ikemefuna, ọmọ tí wọ́n jọ gbé nílé bàbá rẹ̀, kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Èyí hàn gbangba fún ẹnikẹ́ni tó bá ka ìwé náà, kò gba àlàyé púpọ̀.

Arrow of God, ìwé Achebe tí ó jáde ní 1964, ló jinlẹ̀ jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó kà á kò tó àwọn tó ka ti àkọ́kọ́. Ẹjọ́ ilẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú méjì, Umuaro àti Okperi, ń jà sí ilẹ̀ kan. Winterbottom, ajẹ́lẹ̀, dá ogun náà dúró, ó fọ́ ìbọn wọn lójú gbogbo ayé, ó wá jókòó láti gbọ́ tẹnu wọn. Ezeulu, àwòrò òrìṣà Ulu ní Umuaro, jẹ́rìí pé Okperi ló ni ilẹ̀. Òtítọ́ tó sọ yìí ló bí ọ̀tá fún un nílé, òun náà ló jẹ́ kí ojú rẹ̀ wu òyìnbó. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà tí òyìnbó ń wá ẹni tí yóò fi jẹ olóyè oníwèé àṣẹ, orúkọ Ezeulu ló wá sí i lọ́kàn. Ezeulu kọ̀, ó ní Ulu nìkan ni òun ń sìn. Wọ́n tì í mọ́lé ní Okperi. Oṣù méjì lé lójú ọ̀run tí kò sí nílé láti jẹ iṣu mímọ́ tí àwòrò fi ń ka oṣù, nígbà tó sì padà dé, ó kọ̀ láti pe ọdún iṣu títí tí iṣu tó kù yóò fi tán. Iṣu ń rà nínú ebè. Olùkọ́ ìjọ, Goodcountry, wá kéde pé kí ẹni tí ebi ń pa mú iṣu wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, Ulu kò ní rí i gbé ṣe. Àwọn ènìyàn sì lọ. Ìkórè ni ṣọ́ọ̀ṣì rí jẹ, àmọ́ kóòtù àti àtìmọ́lé ló gbin ín. A kò sọ pé ọwọ́ Ezeulu mọ́: ìgbéraga rẹ̀ àti ìbínú sí àwọn ará ilé rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó sì gba irú ipò tí Ezeulu kọ̀, James Ikedi ti Okperi, ń gba rìbá lọ́wọ́ àwọn ènìyàn kí ojú ọ̀nà tuntun má baà gba àárín ilé wọn kọjá.

Ojú mìíràn ni Pita Nwana, káfíńtà tó di òǹkọ̀wé, fi wo nǹkan. Omenuko, ìtàn rẹ̀ tó gba ẹ̀bùn ní 1933, èdè Ìgbò ni ó fi kọ ọ́. Oníṣòwò tó pàdánù ẹrù sódò ta àwọn ọmọ tí òbí wọn fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ sóko ẹrú, ó sá kúrò nílé, ó wá di olóyè lábẹ́ òyìnbó. Nínú ìtàn yìí ajẹ́lẹ̀ kì í ṣe apanirun. Àkàbà ni, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gùn a gùn ún. Ẹni tó fẹ́ mọ ohun tí àwọn Ìgbò ìgbà náà ń rò kò gbọdọ̀ fo ìwé yìí.

Chimamanda Adichie fi ìtàn kúkúrú kan, “The Headstrong Historian” ti 2008, so kóòtù mọ́ ilé ìwé ní tààrà. Àwọn ìbátan ọkọ Nwamgba gba ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Ó yan ilé ìwé Kátólíìkì fún ọmọ rẹ̀ nítorí pé èdè òyìnbó ni wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀, kì í ṣe nítorí Jésù. Ó fẹ́ kí ọmọ náà lè bá òun rojọ́. Ilẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti di Michael, ìyá àti ọmọ kò gbọ́ ara wọn yé mọ́.

Ohun tó jọ wá lójú nínú àwọn ìwé tó gbajúmọ̀ jù ni pé wọn kò fi bẹ́ẹ̀ kan ogun àwọn obìnrin ti 1929, nígbà tí àwọn obìnrin láti Oloko títí dé etíkun kọjú ìjà sí olóyè oníwèé àṣẹ, tí wọ́n jó kóòtù, tí ìbọn sì pa ju 50 lọ nínú wọn. T. Obinkaram Echewa ló fi I Saw the Sky Catch Fire, 1992, dí àlàfo náà. Buchi Emecheta ní tirẹ̀ gbé obìnrin dé iwájú adájọ́ ní Èkó. Nínú The Joys of Motherhood, 1979, Nnu Ego, ọmọ Ibuza, bí ìbejì ní ìlú Èkó, Taiwo àti Kehinde ni wọ́n sọ wọ́n, ìbejì tí ì bá ti wà nínú igbó lójú ayé Umuofia. Kehinde fẹ́ ọmọ alápatà Yorùbá. Nnaife, bàbá rẹ̀, fa àdá yọ, ọ̀rọ̀ sì di ti kóòtù. Ní kóòtù, wọ́n bi Nnu Ego léèrè ẹni tó ń san owó ilé ìwé. Ó ní òun ni, ṣùgbọ́n nígbà tí Nnaife ló ni òun, Nnaife náà ló ń san án. Kóòtù bú sẹ́rìn-ín, ẹjọ́ sì dá Nnaife lẹ́bi. Ohun tó jẹ́ ìwà ọmọlúwàbí ní Ibuza, ẹ̀rí ìdálẹ́bi ni ní Èkó.

Kóòtù náà ni No Longer at Ease, ìwé Achebe ti 1960, fi bẹ̀rẹ̀. Obi, ọmọ ọmọ Okonkwo, ń jẹ́jọ́ rìbá £20. Òfin mìíràn tún kan ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rẹ̀: Ìjọba Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà ti fi òfin de ìyàsọ́tọ̀ osu ní 1956. Síbẹ̀ bàbá Obi, Nwoye ìgbà kan tó bá àwọn osu jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, kò gbà kí ọmọ rẹ̀ fẹ́ Clara tí í ṣe osu. Àwọn ọmọ Umuofia tó ń gbé Èkó ṣèpàdé lórí ẹjọ́ rìbá náà. Wọ́n dáwó fún lọ́yà. Ohun tó sì ká ọ̀kan nínú wọn lára ni pé £20 kéré jù fún ọ̀gá iṣẹ́ ìjọba láti tìtorí rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n.