Ọta tí kò gún: láti Jálumi dé Kírìjì

Ẹni tó bá wọ mọ́tò láti Ìkìrun, tó gba Inísà kọjá lọ sí Òkukù, ilẹ̀ ogun ló ń gùn kọjá yẹn. Ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá, ọdún 1878, ni ogun Jálumi. Ìlọrin, Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ìlá para pọ̀ láti gba Ìkìrun, Balógun Ajayi Ògbóríẹfọ̀n sì kó ọmọ ogun Ìbàdàn wá gbà á sílẹ̀. Nígbà tí apá ọ̀tá kò ká a mọ́, wọ́n sá, wọ́n já lu odò Ọ̀tìn. Omi gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn lọ. Ibẹ̀ ni ogun náà ti gba orúkọ. Àwọn ará Òkukù kó ẹrù wọn wọ Ìkìrun, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà fún ọdún gbọọrọ.

Bí a bá ń ròyìn ogun wọ̀nyí, oògùn ni ẹnu wa máa ń dá lé: ayẹta, òkígbẹ́, àfẹ́ẹ̀rí. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ìbọn fúnra rẹ̀ tó máa ń mú kí ọta tàsé, kódà bí ẹni tí wọ́n yìn ín sí kò ní oògùn kankan.

Ṣakabùlà ni ìbọn tó pọ̀ jù lójú ogun nígbà náà. Láti ẹnu ni wọ́n ti ń kì í: ẹ̀tù, ìdí, ọta, kí wọ́n tó fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ̀tù máa ń fi èéfín dúdú sílẹ̀ nínú ìbọn, nítorí náà ọta gbọ́dọ̀ kéré ju ihò ìbọn lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní wọlé mọ́ lẹ́yìn ìyìn mélòó kan. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ọta tó kéré ju ihò lọ kò jókòó sáàárín. Bó ti ń jáde ló ń kọ lu ọ̀tún, tó ń kọ lu òsì, apá tó bá kọ lù kẹ́yìn lẹ́nu ìbọn ló sì máa pinnu ibi tó ń lọ. Tí ó bá wá jẹ́ irin tí alágbẹ̀dẹ gé, tí kò rí roboto, kí ni ẹ fẹ́ kó ṣe? Ọwọ́ oníkálukú sì ni òṣùwọ̀n ẹ̀tù rẹ̀! Ìdí nìyẹn tí jagunjagun fi gbọ́dọ̀ súnmọ́ ọ̀tá dáadáa kó tó yìnbọn.

Ogun Kírìjì ni ìyàtọ̀ dé. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó fi ìbọn tuntun ránṣẹ́ sí Èkìtìparapọ̀, irú Snider àti Martini-Henry. Ìdí ni wọ́n ti ń kì wọ́n. Ẹ̀tù, ọta àti ohun tó ń ṣáná wà pọ̀ nínú kátíríìjì kan, ọta sì dojú kọ ihò ìbọn gán-ún. Wọ́n gbẹ́ ilà tó ń lọ́ yíká sínú ìbọn náà, tí ọta fi ń yí bí òkòtó tí ọmọdé ta. Òkòtó tó bá dúró gán-ún, ṣebí ẹ mọ̀ pé kì í mira. Èyí tó bá fì sápá kan ńkọ́? Ọta náà nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, Franklin Mann fi ọ̀pọ̀ ọdún yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1909: ọta tó bá wọ́ nínú ìbọn kò ní lọ tààrà. Títí dòní, àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn di kátíríìjì níbẹ̀ máa ń yí i lábẹ́ abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n kí wọ́n lè rí wíwọ́ tí ojú lásán kò lè rí.

Àwọn kan ní ìbọn wọ̀nyí nìkan ló dá Ìbàdàn dúró. Èmi kò gbà tán. Òkè ibẹ̀ àti ìgboyà Ògèdèǹgbé àti Fábùnmi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn kò lè fi ṣakabùlà súnmọ́ wọn bí ti àtijọ́ mọ́. Ààrẹ Látòósà kú sójú ogun ní 1885, wọ́n fọwọ́ síwèé àlàáfíà ní 1886, àgọ́ ogun kò sì tú títí di 1893. Ìgbà náà ni àwọn ará Òkukù tó di ẹrù wọn ní Ìkìrun, tí wọ́n gba ọ̀nà ilé.