Gbèsè Ogun: Ìjà Ẹfúnṣetán àti Látóòsà gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀kọ́ nípa Òwò àti Òṣèlú

Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń sọ pé ìjọba ìbá sàn ju bí ó ti wà lọ bí àwọn tí ń ṣe é bá ti kọ́kọ́ tajà rí. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ń sọ ọ́ kì í sábà tọ́ka sí ìtàn kankan láti fi ti ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀rí kò wọ́n. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn obìnrin oníṣòwò ń bá àwọn ológun jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìlú, wọ́n sì ń fi ọjà tiwọn gbé ogun ró. Àpilẹ̀kọ yìí yẹ ìjà Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, àti Ààrẹ Látóòsà wò, nítorí pé nínú ìjà náà ni ọgbọ́n ọjà àti ọgbọ́n oyè ti kọlu ara wọn ní gbangba.

Ẹni tí ó bá mọ Ẹfúnṣetán láti orí ìtàgé nìkan, pàápàá láti inú eré onítàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá tí ó jáde ní 1970, ìkà paraku ni yóò mọ̀ ọ́n sí. Eré náà gbayì, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀; iṣẹ́ òǹkọ̀wé eré yàtọ̀ sí ti òpìtàn. Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897 ṣùgbọ́n tí ìwé náà kò jáde títí di 1921, kò fi ìwà ìkà obìnrin náà pamọ́. Ó sọ ọ́ pé ikú ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ó bí ni ó yí i lọ́kàn padà sí àwọn ẹrú rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí Johnson dé orí ẹ̀sùn tí Ààrẹ kà sí i lẹ́sẹ̀ ní 1874, mẹ́ta ni ó kà: pé kò bá Ààrẹ lọ sójú ogun, pé kò fi ohun ìjà àti oúnjẹ ránṣẹ́ sí i níbẹ̀, àti pé kò jáde lọ pàdé rẹ̀ lẹ́yìn odi nígbà tí ó ń bọ̀ wálé. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹrú nínú ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀kan jẹ mọ́ ọlá, ọ̀kan jẹ mọ́ ìbánikẹ́gbẹ́, èyí tí ó wà láàrin jẹ mọ́ owó. Ìyẹn ni ó yẹ kí àwọn òpìtàn dúró lé lórí.

Láti lóye rẹ̀, ó yẹ kí ènìyàn mọ bí ogun Ìbàdàn ṣe ń rí owó. Ìlú kò ní àpò kan tí ó fi ń sanwó fún ọmọ ogun. Olóyè kọ̀ọ̀kan ni ó ń bọ́ àwọn ọmọ ogun ilé tirẹ̀, òun ni ó sì ń wá ìbọn, ẹ̀tù àti ọta fún wọn. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ń ti etíkun wá, wọ́n sì wọ́n. Nítorí náà, àwìn ni ọ̀pọ̀ ológun ń rà á. Ọwọ́ àwọn oníṣòwò ńlá bí Ìyálóde ni wọ́n ti ń rà á, ìgbà tí ogun bá sì dé pẹ̀lú ẹrú àti ìkógun ni wọ́n ń san án. Bí a bá fi ojú ọjà wò ó, òwò ni ogun jẹ́: ológun ni alájàpá, Ìyálóde ni olówó, ìlú tí wọ́n fẹ́ kó ni èrè tí kò tíì dé ọwọ́. Òwò bẹ́ẹ̀ ń lọ dáadáa níwọ̀n ìgbà tí ibi tí wọ́n ń lọ kò bá jìnnà, tí ìkógun sì pọ̀. Nígbà tí ó di pé ọmọ ogun Ìbàdàn ń rìn jìnnà sí ìhà Èkìtì, tí àwọn ìlú tí wọ́n ti kó rí kò sì ní ohun púpọ̀ mọ́, iye tí ogun ń gbà ń gòkè, iye tí ó ń mú wálé ń sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀nà etíkun pẹ̀lú kò sí lọ́wọ́ Ìbàdàn. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ni ó ni ín, ìgbàkígbà tí wọ́n bá sì fẹ́ ni wọ́n lè tì í.

Oníṣòwò kò nílò amòye kankan láti sọ èyí fún un. Ó wà nínú ọjà tí ó tà tí owó rẹ̀ kò wọlé. Bí Ẹfúnṣetán ṣe dá ìrànlọ́wọ́ dúró ni ohun tí aláwìn kankan ń ṣe fún oníbàárà tí gbèsè rẹ̀ ń ga sí i. Kì í ṣe pé ó kórìíra ogun láti ìpilẹ̀ṣẹ̀: Johnson sọ pé ẹrú tí ó wà lóko rẹ̀ nìkan tó ẹgbẹ̀rún méjì, ogun ni ó sì ń pèsè ẹrú. Ohun tí ó kọ̀ ni ogun tí kò lérè mọ́.

Látóòsà gba ìkọ̀sílẹ̀ yìí sí àfojúdi. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún 1874, wọ́n yọ Ẹfúnṣetán lóyè, wọ́n sì fi Ìyáọlá jẹ Ìyálóde. Ó san ìtánràn, ó bẹ̀bẹ̀, àwọn olóyè mìíràn sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n Ààrẹ kò gbà. Ní òru ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹfà, àwọn ẹrú inú ilé rẹ̀ pa á. Kúmúyìlọ̀, ọmọ tí ó gbà tọ́, ni Ààrẹ gba ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe é.

Pípa tí wọ́n pa aláwìn dàbí ọ̀nà àtijáde nínú gbèsè. Ṣùgbọ́n ohun tí ológun rò pé òun jèrè, ìlú ni ó pàdánù rẹ̀. Oníṣòwò tí ó bá rí i pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹlẹ́gbẹ́ òun nìyẹn yóò fi ọjà rẹ̀ pamọ́. Ní 1877, Látóòsà fúnra rẹ̀ ní láti rán èrò lọ ra ẹ̀tù ní Àjàṣẹ́, ní etíkun, láàrin ilẹ̀ tí Ẹ̀gbá ń ṣọ́. Ẹ̀gbá kọlu èrò náà, Ìbàdàn gbógun tì wọ́n, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú sì ti ọ̀nà. Ṣéríkí Ìyápọ̀, ọ̀kan nínú àwọn olóyè tí kò bá Ààrẹ ṣọ̀kan, kú ní ọdún yẹn kan náà. Nígbà tí àwọn Èkìtìparapọ̀ dìde, tí Ògèdèǹgbé Iléṣà sì di olórí wọn, àwọn ọmọ wọn tí ó wà ní Èkó ń rán ìbọn tuntun sí wọn. Ìbàdàn kò lè ṣẹ́gun, kò sì lè padà sílé. Ìwé àlàáfíà kò dé títí di 1886, ibùdó kò sì túká pátápátá títí di 1893. Oníṣòwò tí ó bá pàdánù a máa palẹ̀ ọjà mọ́ kí ó tó jẹ gbèsè ilé. Ìwà tí Ààrẹ kò ní nìyẹn, bóyá nítorí pé kì í ṣe owó tirẹ̀ nìkan ni ó ń ná.

Ó rọrùn láti fò láti ibí yìí sí pé oníṣòwò ni kí ó máa ṣe ìjọba. Ìtàn Ẹfúnróyè Tinúbú kò jẹ́ kí ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Òwò ni ó fi di alágbára lábẹ́ Akítóyè àti Dòsùnmú ní Èkó, ṣùgbọ́n ó fẹ́ fi agbára náà lé àwọn Sàró oníṣòwò tí ó ń bá a díje kúrò lọ́jà, Kọ́ńsù Campbell sì lé òun fúnra rẹ̀ jáde ní 1856. Ní Abẹ́òkúta ni ó ti tún dìde. Ohun ìjà tí ó pèsè fún Ẹ̀gbá nígbà tí Dàhòmì kọlù wọ́n ní 1864 ni ó sọ ọ́ di Ìyálóde. Obìnrin kan náà, ọgbọ́n òwò kan náà: ní Èkó ó lo ìjọba fún ọjà rẹ̀, ní Abẹ́òkúta ó lo ọjà rẹ̀ fún ìlú.

Ìyàtọ̀ yìí tún hàn nígbà tí Adájọ́ G.B.A. Coker ṣèwádìí àwọn àjọ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní 1962. Ìgbìmọ̀ náà rí i pé àjọ tí ń ra kòkó, tí ó lówó lọ́wọ́ rẹpẹtẹ ní 1954, ti ń fi owó tí ó ju mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ pọ́ùn tí ó jẹ báńkì gbé ara rẹ̀ ró. Òṣèlú wà nínú ìwádìí náà pẹ̀lú, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gba gbogbo ìdájọ́ rẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Síbẹ̀, àwọn tí ń yá owó náà kì í ṣe àgbẹ̀ tí ó ni ín. Ẹfúnṣetán lè kọ̀ láti tà láwìn nítorí pé ọjà tirẹ̀ ni. Àgbẹ̀ kòkó kò ní ẹnu láti kọ̀.

Àwọn tí wọ́n fi ṣe ọjà kò sì ní ẹnu rárá. Lẹ́yìn ikú Ìyálóde, ìgbìmọ̀ ìlú jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n pa àwọn ẹrú tí ó wọlé tọ̀ ọ́ ní òru. Látóòsà wà lórí oyè rẹ̀ títí tí ó fi kú sí ibùdó Kírìjì ní 1885.